Ìwé Wo Ni Kí Ọmọ Wa Rà fún Ìdánwò Kọ̀ǹpútà?

Ní ọjọ́ kan tí kò tíì pẹ́, àwọn olóṣèlú kan kó páálí ìwé wá sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wa yìí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti fi ta àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ́rẹ. Ìlù dún, àwọn ìyá wa jó, a ya fọ́tò, a sì gbàdúrà fún àwọn tí ó wá ṣe oore náà. Ìwé tí wọ́n kó wá kì í ṣe ìwé àkàgbádùn. Ìwé atọ́nà ni, fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè gba ìwé-ẹ̀rí. Oore ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó, nítorí pé olóṣèlú tí ó pín ìwé sàn ju èyí tí ó pín ìrẹsì ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayẹyẹ parí, tí àwa díẹ̀ jókòó láti yẹ àwọn ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a kọ fún ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe mọ́ níbikíbi lóde ayé, nítorí pé àwọn tí ó dá ìdánwò náà sílẹ̀ ti pa á tì. Ọmọ tí ó bá fi oṣù mẹ́fà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò dé ẹnu ilẹ̀kùn, yóò sì rí i pé wọ́n ti wó ilé náà.

A kò sọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ra ìwé náà kò mọ̀. Bóyá ẹni tí ó tà á kò mọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ náà ń ná àwọn ọmọ wa ní owó àti ní ọjọ́ orí, ó sì tó àkókò kí á wí ohun tí ó yẹ kí á wí lórí rẹ̀. Ìwé ìdánwò kì í ṣe ohun tí a ń fi sísanra rà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹwà èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ yàn. Ìdánwò ni a kọ́kọ́ ń mọ̀ kí á tó mọ ìwé. Ẹni tí ó bá ra ìwé kí ó tó mọ ìdánwò dà bí ẹni tí ó ra bàtà fún ọmọ tí kò tíì wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé díẹ̀. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún àwọn ètò yòókù. Òun ni ó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ nígbà tí a bá tàn án. Òun ni ó ń pín iṣẹ́, tí ó ń tọ́jú ohun tí a kọ sínú ẹ̀rọ, tí ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè wọlé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Ètò adarí ẹ̀rọ ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Windows, ti ilé-iṣẹ́ Microsoft. Òmíràn tí àwọn ará ilé kì í fi ojú rí, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, ọ̀fẹ́ sì ni ẹnikẹ́ni lè gbà á. Kódà ọmọ Áfíríkà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ni ó dá ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń pè ní Ubuntu sílẹ̀ ní ọdún 2004.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tọ́jú ètò adarí ẹ̀rọ lè rí iṣẹ́ ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tàbí kí ó jókòó sí ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kí ó sì máa ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ kò mọ ọmọ wa rí. Ìwé-ẹ̀rí ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìdánwò yìí fi wà. Ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Linux Professional Institute, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ni ó ń ṣe èyí tí a ń pè ní LPIC-1. Ẹgbẹ́ CompTIA ní èyí tí a ń pè ní A+ àti èyí tí a ń pè ní Linux+. Ilé-iṣẹ́ Red Hat ní ti tirẹ̀, RHCSA. Microsoft náà ní ti tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí òun ń gbà, kò sí bí kò ṣe ní ṣìnà.

Owó ìdánwò yìí kì í ṣe kékeré. Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé púpọ̀ nínú wọn, kì í sì í ṣe ìyá oníṣòwò ní Ìdúmàgbò ni ó ń pinnu iye tí dọ́là ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti kọjá 1,500. Ìdánwò tí kò gbówó lórí kún un lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ti di ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ tiwa. LPIC-1 kì í ṣe ìdánwò kan ṣoṣo pàápàá. Méjì ni, a sì gbọdọ̀ yege nínú méjèèjì kí á tó gba ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ tí ó bá kùnà nítorí pé ìwé tí kò tọ́ ni ó kà yóò san owó náà lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kí ó jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò jáwọ́. Kò ní jẹ́ pé orí wọn kò pé. Ìwé ni ó tàn wọ́n jẹ.

Ọ̀rọ̀ kíkàwé fún ìdánwò àwọn ará òkèèrè kò ṣàjèjì sí wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944 láì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ni ó ń kà nílé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ ìgbà náà ṣe di ẹni ńlá. Ẹ jẹ́ kí á ronú lé ohun tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń dojú kọ. Kò sí olùkọ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò wí fún un pé ìwé yìí ti gbó, tàbí pé orí kẹsàn-án kò sí nínú ìdánwò ọdún yìí. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé ni ìwé ìlànà tí àwọn tí ó ń ṣe ìdánwò fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ìwé ìlànà yẹn ni olùkọ́; ìwé atọ́nà wulẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Bí ìránṣẹ́ bá ń jẹ́ iṣẹ́ tí olúwa rẹ̀ kò rán an, kí á lé e padà.

Nítorí náà, ohun kìíní tí ọmọ wa gbọdọ̀ ṣe kí ó tó na kọ́bọ̀ lórí ìwé ni kí ó wá ìwé ìlànà ìdánwò náà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi í sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Níbẹ̀ ni yóò ti rí nọ́ńbà ìdánwò náà. Gbogbo ìdánwò ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà sì máa ń yí padà nígbà tí ìdánwò bá yí padà. Ẹ̀dà LPIC-1 tí ó jáde ní ọdún 2018, fún àpẹẹrẹ, ní nọ́ńbà 101-500 àti 102-500. Bí ìwé bá kọ 101-400 sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìdánwò tí ó ti lọ ni. Ti CompTIA A+ tilẹ̀ tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ńbà 220-1101 àti 220-1102 ni gbogbo ayé ń kà láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni 220-1201 àti 220-1202 jáde, nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Ìwé tí ó jẹ́ tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún di ògbólógbòó kí ọdún tó parí.

Nínú páálí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà jẹ́ ti ìwé-ẹ̀rí MCSA ti Microsoft, lórí Windows 7. Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, ó sì ti pa àwọn ìdánwò tí ó kù lábẹ́ MCSA tì ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2021. Kódà Windows 10 tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú rẹ̀ parí. Kò sí ẹni tí yóò rí èyí nípa wíwo bí ìwé náà ti ń dán. Nọ́ńbà nìkan ni ó ń wí òtítọ́.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tí ó fara sin ju èyí lọ. Ìgbà kan wà tí CompTIA àti Linux Professional Institute jọ ń lo ìdánwò kan náà, tí ìwé kan ṣoṣo sì tó fún Linux+ àti LPIC-1. Ní ọdún 2019 ni ìyapa dé, tí CompTIA gbé ìdánwò tirẹ̀ jáde lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ tí ó kọ orúkọ méjèèjì sí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ àwọn olówò ìwé òkúùsà. Ọmọ tí ó bá rí orúkọ méjì fún owó kan yóò rò pé òun jèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò jèrè rárá.

Ohun kejì ni kí ó wo bí ìwé náà ti pín ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé, nítorí pé ẹ mọ bí a ti ń pín máàkì fún ìbéèrè. Linux Professional Institute a máa kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìlànà rẹ̀. Nínú ìdánwò 101-500, ìbéèrè 60 ni a ń dáhùn ní ìṣẹ́jú 90, ìwọ̀n gbogbo ẹ̀kọ́ sì jẹ́ 60. Ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀rọ ti rí nínú àti bí ó ti ń jí ní 8. Fífi Linux àti àwọn ètò mìíràn sórí ẹ̀rọ ní 12. Ẹ̀kọ́ nípa díísìkì àti bí fáìlì ti ń jókòó lórí rẹ̀ ní 14. Ṣùgbọ́n àwọn àṣẹ tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ fún ẹ̀rọ, èyí nìkan ni ó gba 26 nínú 60. Bí ìwé kan bá fi ìdajì ojú ewé rẹ̀ ròyìn bí a ti ń fi Linux sórí ẹ̀rọ, tí ó sì fi orí méjì péré sáré kọjá lórí àwọn àṣẹ, ìwé náà lè jẹ́ ìwé rere fún iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìdánwò yìí. Kí ọmọ náà mú ìwé ìlànà ní ọwọ́ kan, kí ó mú ìtọ́ka inú ìwé atọ́nà ní ọwọ́ kejì, kí ó sì máa fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ìdajì wákàtí yẹn lè gba oṣù mẹ́fà là.

Ohun kẹta, tí a kà sí pàtàkì jù lọ, ni kí ìwé náà jẹ́ èyí tí ń mú ọmọ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ wo ìdánwò RHCSA ti Red Hat. Nínú rẹ̀, kò sí pé kí a mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Wọn yóò gbé ẹ̀rọ fún ọmọ náà, wọn yóò wí pé kí ó ṣe báyìí, kí ó ṣe báyìí. Nígbà tí ó bá ṣe é tán, ohun tí ó ṣe gbọdọ̀ dúró kódà bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì tún tàn án. Nínú máàkì 300, ó gbọdọ̀ gba 210 kí ó tó yege. Ẹni tí ó há ìwé sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò tẹ àṣẹ kan rí, yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ó ka ìwé nípa ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sì gbé àjẹ̀ lé lọ́wọ́ lórí ọ̀sà. Ìwé Sander van Vugt lórí RHCSA wà lára èyí tí ó mọ èyí dájú: lẹ́yìn ẹ̀kọ́ a máa gbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún ẹni tí ń kà á. Síbẹ̀, ìtẹ̀jáde òun náà ń tẹ̀lé ẹ̀dà Red Hat, nítorí náà a kò gbọdọ̀ torí orúkọ òǹkọ̀wé gbàgbé láti wo nọ́ńbà.

Nínú ìdánwò Red Hat yìí kan náà, wọn kò gba íntánẹ́ẹ̀tì láyè, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọmọ láyè láti ka àwọn ìwé àlàyé tí ó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìwé atọ́nà tí ó bá kọ́ ọmọ bí a ti ń ka ìwé àlàyé inú ẹ̀rọ ti fún un ní ohun tí yóò bá a jókòó nínú yàrá ìdánwò, tí yóò sì bá a dé ibi iṣẹ́. Èyí tí ó ní kí ó há gbogbo rẹ̀ sórí kò fún un ní nǹkan kan tí kò ní gbàgbé.

Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó sì sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kísípò. Láti ọdún 1977 tí ìbéèrè ìdánwò WAEC jò sí ìta ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ẹnu àwọn ọmọ wa, kò sì tíì jáde. Àwọn kan ń ta ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò kọ̀ǹpútà lórí fóònù, wọ́n sì ń pè é ní ìwé atọ́nà. Kì í ṣe ìwé atọ́nà. Olè ni. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìdánwò wọ̀nyí ní agbára láti gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú. Ká tilẹ̀ ní wọn kò mú un, ọjọ́ kìíní níbi iṣẹ́ ni ẹ̀rọ yóò mú un. Báńkì tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ ní ọ̀sán gangan kò ní béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní A, B tàbí D. Àwọn ìyá àti bàbá tí ń fún ọmọ lówó láti ra irú nǹkan yìí ń ra ìtìjú fún ọmọ wọn ni.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní kí á má kó ìwé àtijọ́ dànù, pé ìmọ̀ kì í gbó. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn àṣẹ tí à ń fi wo fáìlì, tí à ń fi dà á kọ, tí à ń fi wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà láti ìgbà tí a dá Unix sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970, wọn kò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ní nǹkan mìíràn lè fi ìwé àtijọ́ kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ Linux ti ń jí, tí ó sì ń tan àwọn iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti yí padà pátápátá. Red Hat bọ́ sínú ètò tuntun tí a ń pè ní systemd ní ọdún 2014. Debian àti Ubuntu tẹ̀lé e ní ọdún 2015. Ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà yóò kọ́ ọmọ ní ọ̀nà tí a ti fi igi dí. Àgbà tí ó mọ ìyàtọ̀ lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ kò lè fi kọ́ ara rẹ̀. Ọmọ náà ni a sì ń fún ní ìwé.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ìwé rere wọ́n, pé mẹ̀kúnnù kò lè rà á. Èyí ni ó yẹ kí gbogbo wa gbọ́ dáadáa: kò di ìgbà tí a bá rà á. Linux Professional Institute fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. William Shotts náà kọ ìwé odidi kan lórí àwọn àṣẹ Linux, The Linux Command Line, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ìwé tí ìyá kan ìbá yá lọ́wọ́ àwọn alájọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè di owó ìdánwò. Fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí, ẹgbẹ́ náà ní ìdánwò kékeré kan tí a ń pè ní Linux Essentials: ìbéèrè 40 ní wákàtí kan. Ìwé-ẹ̀rí LPIC-1 ń lo ọdún márùn-ún kí ó tó béèrè ìsọdọ̀tun. Ti Linux Essentials kò ní ọjọ́ ìparí. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ó dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó wọ inú ibú. Ní ti ẹ̀rọ, Linux kò ń béèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Windows tuntun ti kọ̀ ṣì lè gbé e.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Àwọn ọmọ wa kò kọ ìyà ìwé. Ẹni tí ó bá gba Campos Square kọjá ní alẹ́ tí iná ìjọba lọ yóò rí wọn tí wọ́n ń fi iná fóònù kàwé. Ohun tí ó kù ni kí àwa àgbà má ṣe jẹ́ kí ìyà náà ṣòfò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nínú ọ̀rọ̀ yìí kò béèrè pé kí ẹ mọ Linux. Ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó: bí a ti ń ka ìwé ìlànà, bí a ti ń fi í wé ìwé ẹ̀kọ́, bí a ti ń pín oṣù mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kí olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa wo nọ́ńbà àwọn ìdánwò wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ sórí pátákó níbi tí gbogbo ọmọ yóò ti rí i. Kí ẹ kó àwọn tí ń ka ìwé kan náà jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ẹni tí ó yé ṣàlàyé fún ẹni tí kò yé, ní èdè Yorùbá. A lè ṣe ìdánwò LPIC-1 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Jámánì, ní èdè àwọn ará Jàpáànù, ṣùgbọ́n kò sí ní èdè tiwa. Kì í ṣe ìdí nìyí tí a kò fi ní lóye rẹ̀ ní èdè tiwa. Ohun tí ọmọ bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ti di tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin ni a fi ọ̀rọ̀ parí sí ọ̀dọ̀ yín, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ń kó páálí wá. Àwọn tí ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó bá Kòsọ́kọ́ bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1862. Wọn kò bọ̀ wá gba ọrẹ, ibùgbé ni wọ́n bọ̀ wá ṣe. Lórí ilẹ̀ yìí kan náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti dìde ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994 láti wí pé ohun tí àwọn ènìyàn yàn ni kí a bọ̀wọ̀ fún. Ilẹ̀ tí ó ní irú ìtàn yìí kò yẹ ní ibi tí a ń kó ìwé tí ó ti kú wá sí. Ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Kò tó kí ó kó ọmọ jọ nìkan, ó ní láti wá olùkọ́, ó ní láti kọ́ ilé, ó ní láti wá ìwé tí ó bá kíláàsì mu. Oore tí kò ní ètò, ariwo lásán ni.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe irú oore yìí, ẹ má ra ìwé kan kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìdánwò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ìwé ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ó lè lò ó. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi san owó ìdánwò fún àwọn tí olùkọ́ bá jẹ́rìí pé wọ́n ti múra tán, ẹ sì ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, kí wọ́n lè rí ibi fi ọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ olùdìbò láti ojúlé dé ojúlé kò lè wí pé nọ́ńbà ìdánwò ṣòro fún yín láti mọ̀.

Ní ti àwọn ìwé tí ó wà nínú páálí náà, a ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Mẹ́rin nínú wọn ṣì wúlò, àwọn ọmọ sì ti ń kà wọ́n ní àyípoyípo. Àwọn tí ó kù wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, pẹ̀lú àwòrán olóòótọ́ wa lára èèpo wọn. A kò ní sun wọ́n níná. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún kó irú wọn lé wọn lórí.